Ta Ni Ará Àríwá? Ọ̀rọ̀ Kemi Badenoch, Àwọn Oníròyìn, àti Àwọn Tí Ẹnikẹ́ni Ò Bi Léèrè

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Kemi Badenoch, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá ìwé ìròyìn The Spectator sọ̀rọ̀ nípa irú ẹni tí òun ń ṣe. Ó ní ó ń ya òun lẹ́nu pé ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo ènìyàn ń pe òun, nígbà tó jẹ́ pé Yorùbá ni òun ka ara òun sí ju ọmọ Nàìjíríà lọ. Ó fi kún un pé kò sí ohun tó pa òun pọ̀ mọ́ àwọn ará Àríwá Nàìjíríà, níbi tí Boko Haram àti àwọn tó fẹ́ fi ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe ìjọba wà. Pé ọ̀tá ẹ̀yà òun ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n á tún máa kó òun mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, àmọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti kárí ìwé ìròyìn, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Lọ́ńdọ̀nù, Èkó àti Àbújá.

Wimbledon ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí Badenoch, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Olúkẹ́mi Adégòkè, sí ní oṣù Kìíní ọdún 1980. Dókítà ni bàbá rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ìyá rẹ̀, Èkó ló sì dàgbà sí kó tó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́mọ ọdún 16. Ó di aṣòfin ní 2017, ó sì di olórí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá 2024. Kí ó tó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti ìran wà lára ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2020, nígbà tó jẹ́ mínísítà, ó sọ nílé aṣòfin pé ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń kọ́ ọmọ pé àǹfààní àwọ̀ funfun jẹ́ òtítọ́ tí kò ní àríyànjiyàn, láì fi èrò àwọn tó rí i lọ́nà mìíràn hàn wọ́n, ń rú òfin. Láti ìgbà náà ni àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní bí wọ́n ṣe ń bá a lò: bó bá ti la ẹnu lórí àwọ̀, apá kan á sọ ọ́ di akọni, apá kejì á pè é ní ẹni tó kẹ̀yìn sí àwọn tirẹ̀. Bí ohun tó sọ ṣe jẹ́ gan-an kì í sábàá jẹ ẹnikẹ́ni lógún.

Aáwọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ The Spectator tó jáde. Badenoch ti máa ń sọ pé ìbẹ̀rù àti ìwà ìbàjẹ́ ló gba ìlú tí òun dàgbà sí kan, ó sì sọ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan ní Amẹ́ríkà pé ọlọ́pàá gba bàtà àti aago lọ́wọ́ arákùnrin òun. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá yẹn, níbi ìpàdé kan lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣí kúrò nílùú, Igbákejì Ààrẹ Kashim Shettima ní inú àwọn dùn sí ipò tó dé bó tilẹ̀ ń tàbùkù orílẹ̀-èdè tó ti ṣẹ̀ wá. Ó fi Rishi Sunak, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí kò bu ẹnu àtẹ́ lu ilẹ̀ baba rẹ̀ rí. Ó ní bó bá wu Badenoch, kó yọ Kẹ́mi kúrò lára orúkọ rẹ̀. Agbẹnusọ Badenoch fèsì pé ọ̀gá òun dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, pé kì í ṣe ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa polówó Nàìjíríà.

Bí ó ṣe di ìjà ẹni méjì nìyẹn. Shettima, ọmọ Borno, wá láti Àríwá. Badenoch ní Yorùbá ni òun. Nígbà tí ọ̀rọ̀ The Spectator wá dé, ńṣe ni wọ́n kà á bí èsì, tí àwọn oníròyìn sì ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni ń ròyìn ìjàkadì: ẹni tó kọ́kọ́ gbá ẹnikejì mú, ẹni tó dá a padà, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ kan ilẹ̀. Àwọn olóṣèlú, àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn alátúpalẹ̀ ọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n bọ́ sójú agbo, kálukú pẹ̀lú ẹni tó ń gbè lẹ́yìn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí ọ̀rọ̀ náà lè ṣe fún ẹgbẹ́ Conservative nínú ìdìbò ló jẹ wọ́n lógún. Ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bú àti ẹni tí kò bú ni wọ́n ń jà lé lórí. Bí orúkọ náà, Àríwá, ṣe ń tẹnu dé ẹnu tó, ìwọ̀nba díẹ̀ ló dúró béèrè àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí ìbéèrè yẹn rọrùn fún ẹni tó bá mọ Kwara. Nínú ètò ìjọba Nàìjíríà, Kwara wà ní ẹkùn Àárín Gbùngbùn Àríwá. Àmọ́ ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà, ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Aráròmí-Òpìn àti Òkè-Ẹrọ̀ tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ìlọ́ffà jẹ́ ilẹ̀ Yorùbá láti ìpìlẹ̀. Obbo-Aiyégúnlẹ̀, Ọ̀sì, Kòro, Èrúkù, Ẹkàn, Òdó-Ọwà: èdè tó bá ti Èkìtì tan ni wọ́n ń sọ, eégún Epa ni wọ́n ń gbé jáde nígbà ọdún, ààlà Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò sì jìnnà sí wọn. Ìlú wọ̀nyí ló bí díẹ̀ nínú àwọn agbẹ́gilére tí ayé mọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá. Àrẹ̀ògún, ará Ọ̀sì, ló gbẹ́ àwọn ilẹ̀kùn àti ère tó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun. Bámigbóyè, ará Òdó-Ọwà, ni Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní 2022. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn òyìnbó kọ lórí iṣẹ́ ọnà, Ọ̀sì-Ìlọrin ni wọ́n ń pe ìlú Àrẹ̀ògún, nítorí pé abẹ́ Ìlọrin ni ìjọba amúnisìn fi í sí. Ẹni tó bá sọ pé kò sí ohun tó pa Yorùbá pọ̀ mọ́ ará Àríwá ti gé irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí sí méjì láì mọ̀, nítorí ará Àríwá ni wọ́n lójú ìjọba àpapọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín ipò, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti iṣẹ́ ọba, Yorùbá sì ni wọ́n nílé àti lọ́jà.

Àwọn òyìnbó ló fa ààlà náà. Iléeṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin ní oṣù Kejì ọdún 1897. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà ní 1900, ó fi Ìlọrin àti àwọn ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀ sí ìhà Àríwá, láì wo ti èdè tí wọ́n ń sọ. Ìwé ẹ̀bẹ̀ kò dáwọ́ dúró láti ìgbà náà. Ní 1936, wọ́n yọ Ọ̀tùn kúrò lábẹ́ Ìlọrin, wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ àwọn Èkìtì yòókù. Obbo, Ọ̀sì àti àwọn aládùúgbò wọn kò bá a lọ. Ní 1952, Gómìnà John Macpherson ní ààlà náà kò ní yẹ̀. Ẹgbẹ́ Action Group àti Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dìde láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ìgbìmọ̀ Willink tó gbọ́ ẹjọ́ àwọn ẹ̀yà kéékèèké ní 1957 sí 1958 náà gbọ́ ọ, ààlà kò sì kúrò níbi tó wà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, Yakubu Gowon, olórí ìjọba ológun, dá ìpínlẹ̀ tó di Kwara sílẹ̀, ó kó gbogbo wọn sínú rẹ̀. Gbogbo èyí wà nínú ìwé, kò sì pamọ́ fún oníròyìn tó bá fẹ́ wá a.

Apá kejì ọ̀rọ̀ Badenoch, èyí tó jẹ mọ́ ọ̀tá, ló ṣòro jù, òun sì ni àwọn oníròyìn fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù. Ó ní gbòǹgbò. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, pe Alimi, àlùfáà Fúlàní, àti àwọn jàmá, ìyẹn ọmọ ogun rẹ̀, wá ràn án lọ́wọ́ lòdì sí Aláàfin. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1824, àwọn jàmá náà ti pa á, Ìlọrin sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ Alimi. Ọ̀yọ́-Ilé tú. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin àti ti Nupe gbógun ja ìlú Ìgbómìnà àti àríwá Èkìtì, wọ́n kó ẹrú, wọ́n gba ìṣákọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú tó wà lórí òkè ní agbègbè náà sá gun òkè nítorí irú ogun bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá ní kò sí ọ̀tá rárá kò tíì ka ìtàn.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn tí Ìbàdàn dá Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ló wá di agbára tí Èkìtì ń bẹ̀rù. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn jókòó sí ìlú kọ̀ọ̀kan, ìwà wọn ló sì mú kí Fábùnmi ní Òkè-Ìmẹ̀sí dìde, tí Ògèdèǹgbé Ìjẹ̀ṣà fi wá di olórí ogun Èkìtìparapọ̀. Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí wọn ò sì tú ibùdó ká títí di 1893, Yorùbá ló ń bá Yorùbá jà. Níbo ni Ìlọrin wà? Ẹ̀yìn Èkìtì ló wà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 1878, nínú ogun Jálumi ní Ìkìrun, ọmọ ogun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlá ni Ìbàdàn dojú kọ lójú ogun kan náà. Ọ̀ffà gbè sẹ́yìn Ìbàdàn, Ìlọrin sì dó ti Ọ̀ffà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886, Ìlọrin àti Ọ̀ffà ò tíì sinmi. Ọmọ Èkìtì tó bá fẹ́ ka ọ̀tá baba ńlá rẹ̀ ní ọdún 1880 á ní láti kọ́kọ́ dárúkọ Ìbàdàn, ìlú Yorùbá tó tóbi jù nígbà náà, á sì ní láti ṣàlàyé bí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ṣe di ọ̀rẹ́ ìjà. Kò sí àkọlé ìròyìn tó lè gba gbogbo èyí, ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ kan lè gbà á.

Ní ìhà Borno náà, ọ̀rọ̀ náà kò rí bí wọ́n ṣe gbé e. Kànúrí ni Shettima. Nígbà tí jìháàdì Usman dan Fodio ń gba ilẹ̀ Hausa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Borno ló kọ̀ tí kò gbà. Muhammad al-Amin al-Kanemi ló lé àwọn ajagun Fúlàní padà, tó sì bá Muhammad Bello ti Sokoto ṣe àríyànjiyàn nínú lẹ́tà tí àwọn onímọ̀ ń kà títí dòní. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ fi ìtàn ka ọ̀tá, ẹni tó ń bá Badenoch jà láti Àbújá wá láti inú ẹ̀yà tó bá ológun kan náà tó dá ìjọba Ìlọrin jà. Boko Haram ńkọ́? Maiduguri ló ti ṣẹ̀, lábẹ́ Mohammed Yusuf, ẹni tó kú lọ́wọ́ ọlọ́pàá ní oṣù Keje 2009. Àwọn ará Borno àti Yobe ni wọ́n kọ́kọ́ ń pa, tí wọ́n sì pa jù. Shettima jẹ́ gómìnà Borno láti 2011 dé 2019. Nígbà rẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin Chibok lọ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 2014. Bí oníròyìn bá ti fi èyí síwájú rẹ̀, ọ̀nà méjì ni ìbéèrè á gbà: sí Badenoch, pé kí ló dé tó fi kó ẹni tí Boko Haram ń pa mọ́ Boko Haram, sí Shettima, pé kí ni Borno rí nígbà ìṣàkóso rẹ̀. Àwọn méjèèjì bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè.

Ìdí tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀ kò jìnnà. Èsì ẹni ńlá rọrùn láti gbà, ó sì ń bí ìròyìn ọ̀la. Àlàyé ń gba àkókò, ó sì lè tú ìjà ká. Ilé iṣẹ́ ìròyìn tó ń wá owó ìpolówó kò ní ìdí láti tú ìjà ká. Ọ̀rọ̀ yìí kan Lọ́ńdọ̀nù bó ṣe kan Èkó.

Ọ̀rọ̀ Badenoch mìíràn tún fi hàn pé àwọn oníròyìn lè ṣe dáadáa bí wọ́n bá rí ohun tí wọ́n lè dì mú. Ní oṣù Keje 2025, Badenoch sọ fún Fareed Zakaria lórí CNN pé òun kò lè fún àwọn ọmọ òun ní ẹ̀tọ́ ọmọ Nàìjíríà nítorí pé obìnrin ni òun. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò kàn lọ bá olóṣèlú kí ó wá bínú. Wọ́n ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sí abala 25, níbi tó ti wà ní kedere pé ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun di ọmọ Nàìjíríà bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àwọn agbẹjọ́rò sọ ọ́, ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbi tí òfin parí rẹ̀ sí. Ààlà Kwara náà wà nínú ìwé ìjọba, ogun Kírìjì náà wà nínú ìwé àlàáfíà. Ẹni tó máa ṣí wọn ni kò sí.

Àìsàn sísọ ọ̀rọ̀ di ìjà yìí ti pẹ́ lára ìwé ìròyìn Nàìjíríà. Ní 1941, ìjókòó kan ṣí sílẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àwọn méjì sì ń dù ú nínú ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement: Ernest Ikoli, ọmọ Ijaw, àti Samuel Akinsanya, ọmọ Ìjẹ̀bú. Awólọ́wọ̀ ti Ikoli lẹ́yìn. Nnamdi Azikiwe ti Akinsanya lẹ́yìn. Yorùbá ń ti Ijaw, Igbo ń ti Ìjẹ̀bú, síbẹ̀ nígbà tí ìjà náà parí, ìjà ẹ̀yà ni wọ́n ń pè é. West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Azikiwe dá sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1937, àti Daily Service tó jẹ́ ti Youth Movement ló gbé e bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ìdí Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà múlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1948, ìwé ìròyìn méjèèjì ti ń bú ara wọn lójoojúmọ́. Láàárín oṣù díẹ̀ ní ọdún náà, ìpàdé àwọn Igbo kan ní Èkó pinnu pé ẹni tó bá bú Azikiwe bú gbogbo Igbo, àwọn ènìyàn láti ìhà méjèèjì sì lọ ń ra àdá lọ́jà. Kò sí rédíò tó ń gbé e, kò sí tẹlifíṣọ̀n. Inú ìwé ìròyìn ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, lẹ́yìn àbá Anthony Enahoro fún òmìnira ní oṣù Kẹta 1953, àwọn aṣòfin Àríwá gba ìyẹ̀yẹ́ lójú pópó Èkó àti nínú ìwé ìròyìn Èkó. Ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí Action Group fẹ́ gbé ìpolongo rẹ̀ lọ sí Kano, ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ènìyàn 36 sì kú gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe kà á.

Lónìí, rédíò ló ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ ilé. Láàárọ̀, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ a máa ka ìwé ìròyìn lórí afẹ́fẹ́, wọ́n á tú àkọlé Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, wọ́n á sì fi àlàyé tiwọn kún un. Ẹni tí kò ra ìwé ìròyìn rí, tó ń lọ sóko ní Ọ̀sì tàbí tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ìlọ́ffà, ọ̀nà yìí ló ń gbà gbọ́ ohun tí Badenoch tàbí Shettima sọ. Iṣẹ́ ńlá ni, àwọn kan sì mọ̀ ọ́n ṣe dé ojú ẹ̀. Àmọ́ ìròyìn tó ti jẹ́ ìjà láti Àbújá máa ń mú sí i kó tó dé etí olùgbọ́, nítorí adùn ló ń mú kí wọ́n pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà.

Ìdìbò ló ń fi èyí hàn jù. Ní oṣù Kẹrin 2015, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìdìbò gómìnà, ohùn Ọba Rilwan Akiolu ti Èkó jáde, níbi tó ti ń sọ fún àwọn olórí Igbo pé bí wọn ò bá dìbò fún Akínwùnmí Àḿbọ̀dé, inú ọ̀sà ni wọ́n máa parí sí. Ọ̀sà yẹn gba ojú ewé gbogbo. Ní oṣù Kẹta 2023, lẹ́yìn ìdìbò gómìnà ní Èkó, Bayo Ọnánúgà kọ ọ́ sórí Twitter pé kí ọdún náà jẹ́ ìgbà ìkẹyìn tí Igbo máa dá sí ìṣèlú Èkó. Ọnánúgà kì í ṣe ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ìròyìn. Ó wà lára àwọn tó dá ìwé ìròyìn TheNEWS sílẹ̀ ní 1993, ó sì ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba àpapọ̀, NAN. Nígbà náà, òun ló ń bójú tó ìròyìn fún ìpolongo ìdìbò Tinubu. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kárí, ìbínú kárí, èsì kárí. Kò pẹ́ tó fi di olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ìròyìn.

Ní oṣù kan náà, àjọ NBC tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní kí Channels Television san owó ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún náírà nítorí ohun tí àlejò rẹ̀, Datti Baba-Ahmed tó díje fún ipò igbákejì Ààrẹ, sọ lórí ètò kan. Ọ̀rọ̀ Datti jẹ mọ́ ìbúra Ààrẹ, kò kan ẹ̀yà. Àmọ́ bí a bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ti Ọnánúgà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó hàn gbangba ibi tí òfin ń wò. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ ni àjọ náà lágbára lé lórí, kì í ṣe ẹni tó sọ ọ́, ohun tí wọ́n sì kọ sórí Twitter kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ Kwara kan wà nídìí bí owó ìtanràn náà ṣe di ńlá. Ní oṣù Kẹjọ 2020, Lai Mohammed, ọmọ Òrò, tó jẹ́ mínísítà ìròyìn, ló ṣí òfin NBC tuntun tó gbé ìtanràn ọ̀rọ̀ ìkórìíra láti 500,000 náírà lọ sí mílíọ̀nù márùn-ún. Láàárín oṣù yẹn kan náà ni rédíò Nigeria Info ní Èkó jẹ irú ìtanràn bẹ́ẹ̀ lórí ohun tí Obadiah Mailafia, igbákejì gómìnà báńkì àpapọ̀ tẹ́lẹ̀, sọ nípa Boko Haram àti gómìnà Àríwá kan. Ní oṣù Karùn-ún 2023, Adájọ́ James Omotosho ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ pé NBC kì í ṣe ilé ẹjọ́, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti máa bu ìtanràn fún ẹnikẹ́ni. Òfin tó kan ẹni tó sọ̀rọ̀ wà nígbà náà: abala 92 òfin ìdìbò ti 2022 lòdì sí èébú ẹ̀yà nínú ìpolongo, abala 26 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 sì lòdì sí ìdẹ́rùbà ẹ̀yà. Òfin wà, ẹlẹ́jọ́ ló ṣọ̀wọ́n.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lò yàtọ̀ síra. Nígbà tí Enoch Powell, olóṣèlú ẹgbẹ́ Conservative, sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí àwọn aláwọ̀ dúdú ní Birmingham ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 1968, ó ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn ṣáájú kí kámẹ́rà lè wà níbẹ̀. Edward Heath, olórí ẹgbẹ́ rẹ̀, lé e kúrò nípò ní ọjọ́ kejì, ìwé ìròyìn The Times bẹnu àtẹ́ lù ú, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté sì wọ́de fún un. Ní Amẹ́ríkà, oṣù Kẹrin 2007, Don Imus, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, fi àwọ̀ bú àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún Yunifásítì Rutgers. Nígbà tí àwọn olówó ìpolówó bẹ̀rẹ̀ sí í sá, CBS lé e láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Kí ọdún náà tó parí, ó ti padà sórí rédíò mìíràn. Ọ̀ràn Rwanda wà lọ́tọ̀. RTLM, rédíò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje 1993, kò kàn gbé ọ̀rọ̀ olóṣèlú. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́, títí tó fi ń dárúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ pa. Ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Arusha dá Ferdinand Nahimana, Jean-Bosco Barayagwiza àti Hassan Ngeze lẹ́bi ní oṣù Kejìlá 2003. Ní 2007, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín ìyà wọn kù sí ẹ̀wọ̀n ọdún 30, 32 àti 35. Àwọn tó ń fẹ́ òfin tó le ní Nàìjíríà sábà máa ń dárúkọ Rwanda. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lẹ́yìn RTLM wà nínú ìjọba tàbí wọ́n sún mọ́ ọn. Àjọ tó wà lábẹ́ mínísítà kì bá ti bu ìtanràn kankan fún irú rédíò bẹ́ẹ̀.

Ní Kwara, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kì í ṣe ti inú ìwé ìròyìn nìkan. Ní oṣù Kejì 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Kòro, wọ́n pa Olúkòro, ọba tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, wọ́n sì jí ìyàwó rẹ̀ gbé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n ya wọ ìjọ Àpọ́sítélì Kírísítì kan ní Èrúkù lásìkò ìsìn. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n kó àwọn olùjọsìn lọ, fídíò ìsìn náà sì tàn káàkiri ayé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq kéde pé wọ́n ti rí ènìyàn 38 gbà padà. Ìkọlù náà bọ́ sí àárín àríyànjiyàn kan ní Amẹ́ríkà, nítorí ní òpin oṣù Kẹwàá ni Donald Trump ti fi Nàìjíríà sínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń ni ẹlẹ́sìn lára, kò sì pẹ́ tó fi ní òun lè rán ológun wá. Àwọn alátúpalẹ̀ ọ̀rọ̀ níbẹ̀ fi Èrúkù ṣe ẹ̀rí pé wọ́n ń pa Kírísítẹ́nì run. Ní Èkó, àwọn mìíràn fi í ṣe ẹ̀rí pé Fúlàní ti fẹ́ wọ ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ìròyìn òkèèrè mìíràn, ìkọlù kan lára ìdààmú Àríwá Nàìjíríà ni. Ìlú kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Àwọn ará Èrúkù, Obbo-Aiyégúnlẹ̀ àti Ọ̀sì, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá, tí ìjọba ń kà mọ́ Àríwá, tí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ sì jọ ń gbé inú agbo ilé kan náà, ń béèrè ọlọ́pàá, ṣọ́jà àti ẹ̀ṣọ́ tó lè wọ igbó.